Kí ló dé tí a fi ń dín owó ọjà títí tí kò fi sẹ́ni tó jèrè?

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀bù èmi àti ti obìnrin kan kọjú síra wọn ní Òṣogbo níbí, àdìrẹ kan náà la sì ń tà. Mo dín owó, òun náà dín in. Ní báyìí, èrè àwa méjèèjì ti fò lọ. Ṣé orí wa ò pé ni?

Ìdáhùn: Orí yín pé dáadáa, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà dùn mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦6,000 lẹ ra aṣọ kan, ẹ̀yin méjèèjì ń tà á ní ₦10,000, ogún oníbàárà sì ń wá lọ́sẹ̀. Mẹ́wàá mẹ́wàá ló máa kàn yín, èrè ₦40,000 fún kálukú. Bí ẹ bá dá sọ tiyín di ₦9,000, gbogbo ogún ló máa yà sọ́dọ̀ yín. Ẹ jèrè ₦60,000, òun ò rí kọ́bọ̀. Bí ẹ bá jọ dín in ńkọ́? ₦30,000 lẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wò ó. Bí kò bá dín tirẹ̀, ó sàn kí ẹ dín tiyín. Bó bá dín in, ó ṣì sàn kí ẹ dín in, torí ₦30,000 ju òfo lọ. Òun náà jókòó sí òdìkejì, ó ń ṣe ìṣirò yìí kan náà. Bí ọlọ́gbọ́n méjì ṣe jọ ń fi ₦40,000 sílẹ̀ fún ₦30,000 nìyẹn.

Ìbéèrè: Àwọn wo ló ronú kan èyí?

Ìdáhùn: Ní 1944, àwọn onímọ̀ méjì, John von Neumann àti Oskar Morgenstern, tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìmọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní “game theory”: bí èèyàn ṣe ń pinnu nígbà tí èrè rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí ẹlòmíì bá ṣe. Ní 1950, Merrill Flood àti Melvin Dresher gbé irú ìdíje tiyín yìí yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, Albert Tucker sì fi ìtàn ẹlẹ́wọ̀n méjì ṣàlàyé rẹ̀, tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí kálukú sì ní láti pinnu bóyá òun á tú àṣírí èkejì. Ọdún yẹn náà ni John Nash sọ ibi tí irú rẹ̀ máa ń fìdí kalẹ̀ sí: ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè jèrè sí i bó bá dá yí ìṣe tirẹ̀ nìkan padà.

Ìbéèrè: Àwọn kan jọ wà ní ìsọ̀ kan náà ní Olúòde tàbí Ọjà Ọba, wọn ò sì ba ọjà ara wọn jẹ́.

Ìdáhùn: Wọ́n mọ̀ pé àwọn á tún ríra lọ́la ni. Robert Axelrod, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, ní kí àwọn onímọ̀ fi ètò kọ̀ǹpútà bá ara wọn díje nínú irú eré yìí, léraléra. Ètò tó kúrú jù lọ, ti Anatol Rapoport, ló borí, ó sì tún borí lẹ́ẹ̀kejì. Ó máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì, lẹ́yìn náà ohun tí ẹnìkejì bá ṣe gbẹ̀yìn lòun náà ń ṣe. Kì í di kùnrùngbùn. Àmọ́ bí ọ̀la ò bá sí, kò ṣiṣẹ́: ọlọ́jà àlejò tó wá torí ọdún Ọ̀ṣun nìkan nínú oṣù kẹjọ ò ní ìdí tó fi máa dá yín sí.

Ìbéèrè: Ṣé ká kúkú jókòó, ká fẹnu kò sí iye kan?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018 kọ̀ ọ́, owó àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín lẹ ó sì máa gbà láìyẹ. Ohun tó ń pa yín ni pé ọjà yín jọra jù. Ẹ dá tiyín yàtọ̀: bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya bátànì sí, ni ọwọ́ yín dá jù, ẹ gbájú mọ́ ọn, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ò ní torí ₦1,000 sọdá. Bí iye tí ẹ ń rà á ò bá yí padà, oníbàárà mẹ́jọ péré ní ₦10,000 á mú èrè ₦32,000 wá.