Àríyànjiyàn lórí wíwà Ọlọ́run

Àríyànjiyàn lórí wíwà Ọlọ́run jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀-òye ti ń bá bọ̀ láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́: ṣé èèyàn lè fi làákàyè nìkan, láìgbé ọ̀rọ̀ ka ìwé mímọ́ kankan, mọ̀ pé Ọlọ́run wà, tàbí pé kò sí? Ní Àgbádárìgì, níbi tí ìwàásù àwọn míṣọ́nnárì ti bá òwò ẹrú lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Èyí tí etí mọ́ jù lára àwọn àlàyé tó ní Ọlọ́run wà ni ti orísun ayé. Al-Ghazali (1058–1111), onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, gbé e kalẹ̀ báyìí: ohunkóhun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ohun tó mú un wá, ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ohun kan ló mú ayé wá. Ibn Sina, onímọ̀-òye Mùsùlùmí tó kú ní 1037, ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú rẹ̀: bí ayé kò tilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun inú rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó má wà, irú ohun bẹ́ẹ̀ kò sì lè dá dúró láìsí ohun kan tí kò lè ṣàìwà. Thomas Aquinas (1225–1274), àlùfáà Kátólíìkì, fi àlàyé tó jọ èyí kún ọ̀nà márùn-ún tó là sílẹ̀. Bí ààfáà àti fádà ní Àgbádárìgì bá fẹ́ fi làákàyè gbèjà ìgbàgbọ́ wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè tọ̀.

“Ta ló wá dá Ọlọ́run?” ni ọ̀pọ̀ fi ń fèsì, àmọ́ kò ba ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó ní ohun gbogbo ló ní orísun. Èsì David Hume (1711–1776), onímọ̀-òye ará Scotland, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ló dé tí ayé fúnra rẹ̀ kò fi lè jẹ́ ohun tí kò ní orísun?

Àlàyé mìíràn wo ètò inú ayé. William Paley, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1802 pé ẹni tó bá rí aago nílẹ̀ nínú pápá yóò gbà pé ẹnì kan ló ṣe é. Ojú èèyàn sì díjú ju aago lọ. Hume ti ta ko irú èyí ṣáájú, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1779 lẹ́yìn ikú rẹ̀: bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ṣètò ayé, ta ló ní ẹnì kan ṣoṣo ni? Ìwé tí Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kọ ní 1859 ló ṣe àlàyé Paley léṣe jù, torí ó fi hàn bí ẹ̀yà ara ṣe lè ti inú ìyípadà díẹ̀díẹ̀ wá.

Àlàyé Anselm, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé kan, kò wo ayé rárá. Ó kọ ọ́ ní nǹkan bí 1078 pé Ọlọ́run ni ẹni tí a kò lè ro ohun tó tóbi jù ú lọ. Bó bá jẹ́ inú èrò nìkan ló wà, a ṣì lè ro èyí tó tóbi jù ú, ìyẹn èyí tó wà ní tòótọ́. Nítorí náà, Ọlọ́run ní láti wà. Gaunilo, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé bíi tirẹ̀, ní ọ̀nà yìí náà lèèyàn lè fi sọ pé erékùṣù tó dára jù lọ wà níbì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ àlàyé Anselm máa ń fura pé idán ni, àmọ́ kò rọrùn láti tọ́ka ibi tó ti yẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ní Ọlọ́run kò sí, ọ̀rọ̀ ibi ló wúwo jù. Hume gbé ìbéèrè kan tó pè ní ti Epicurus, onímọ̀-òye Gíríìkì àtijọ́, kalẹ̀: ṣé Ọlọ́run fẹ́ mú ibi kúrò tí kò lè ṣe é ni? A jẹ́ pé kò lágbára. Àbí ó lè ṣe é tí kò fẹ́? A jẹ́ pé kò ṣoore. Ní 1955, onímọ̀-òye J. L. Mackie jiyàn pé Ọlọ́run tó lè ṣe ohun gbogbo, tó sì dára délẹ̀, kò lè wà nínú ayé tí ibi wà. Alvin Plantinga, onímọ̀-òye ará Amẹ́ríkà, dáhùn ní 1974 pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí èèyàn fúnra rẹ̀ yan rere, ó lè má ṣeé ṣe láti dí i lọ́wọ́ kó má yan ibi.

Ọjà Vlekete ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń ta ẹrú, wọ́n á sì gbé wọn sọdá ọ̀sà sí Gberefu kí ọkọ̀ òkun tó kó wọn lọ. Ìlú yìí náà ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, dé ibẹ̀ ní 1845 gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọjọ́ burúkú tí wọ́n mú òun lòun wá ń pè ní ọjọ́ ìbùkún. Pé Ọlọ́run ń fa ire yọ nínú ibi lágbára lẹ́nu ẹni tí ìyà náà jẹ. Kò dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó kú sójú òkun.

Ní 1998, onímọ̀-òye J. A. I. Bewaji jiyàn pé ìṣòro ibi yìí kò kan Olódùmarè bó ṣe kan Ọlọ́run àwọn onígbàgbọ́, torí nínú ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ire àti ibi ti wá. Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ bíbí Ìkòròdú tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972, ti kọ ọ́ ní 1962 pé Olódùmarè jẹ́ ẹni mímọ́, alágbára gbogbo àti onídàájọ́. Okot p'Bitek, òǹkọ̀wé ọmọ Ùgáńdà, fẹ̀sùn kan Ìdòwú àti àwọn bíi tirẹ̀ pé aṣọ Gíríìkì ni wọ́n wọ̀ fún àwọn ọlọ́run ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn pé èrò Gíríìkì ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe wọn. Bí Ìdòwú bá tọ̀nà, ìbéèrè Mackie kan Olódùmarè náà. Bó bá jẹ́ Bewaji ló tọ̀nà, ohun tó kù láti bi í ni ìdí tí èèyàn fi máa sin ẹni tí ibi náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá.