Fọ́ọ̀mù 8130-3: Ohun Tó Jẹ́rìí Sí àti Ohun Tí Kò Kàn Án

Ẹni tó bá ra ẹ̀yà bàálù láti Amẹ́ríkà sábà máa ń bi olùtajà pé: “8130-3 rẹ̀ dà?” Fọ́ọ̀mù FAA ni, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà; ó ń jẹ́rìí pé ẹ̀yà náà yẹ fún bàálù. Odidi bàálù kì í lò ó. 8130-4 ni tirẹ̀. Òfin tó de 8130-3 fún ẹ̀yà tó ń jáde ní Amẹ́ríkà wà nínú ìwé òfin ìjọba ibẹ̀, 14 CFR Part 21, Subpart L. Ohun méjì ni òfin náà ń wá lára ẹ̀yà: kó bá àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èyí tí FAA fọwọ́ sí, mu, kó sì wà ní ipò tó ṣeé fi fò láìséwu. Bí ẹ̀yà tuntun bá kùnà níbìkan, ilẹ̀ tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fi hàn FAA pé òun gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ “Class II” tàbí “Class III”, ìwé àtijọ́ lẹni náà ń kà. Àtúnṣe òfin ọdún 2009 ti pa ìpínsọ́wọ̀ọ́ ẹ̀yà yẹn rẹ́.

Fọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ ìkọ́jàjáde. Ẹ̀yà kan lè ní 8130-3 tó péye kí òfin ìṣòwò tàbí òfin ohun ìjà Amẹ́ríkà sì dá a dúró ní èbúté. Kò sì fún mẹkáníìkì láṣẹ pé kó kàn dè é mọ́ bàálù. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló máa wò ó bóyá ó bá bàálù yẹn àti òfin ilẹ̀ rẹ̀ mu.

Níbi kíkọ ọ́ ni wàhálà pọ̀ sí. Nọ́ńbà ẹ̀yà ní àlàfo 8 àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní àlàfo 10 gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ẹ̀yà mu, títí kan àmì dáàṣì. Lẹ́tà O tó bọ́ sípò òdo tó kí wọ́n dá ẹrù padà. Àlàfo 11 ló ń sọ ipò rẹ̀: NEW (tuntun), REPAIRED (tí wọ́n tún ṣe), OVERHAULED (tí wọ́n tú palẹ̀ tún ṣe) àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà tí wọ́n ti lò lórí bàálù rí kì í ṣe NEW mọ́, bó ti wù kó máa dán tó. Tuntun ń gba ìfọwọ́sí lápá òsì, àlàfo 13; èyí tí wọ́n tún ṣe ń gbà á lápá ọ̀tún, àlàfo 14. Ẹ má fọwọ́ sí méjèèjì. Àlàfo 12 ni àlàyé ń lọ: bí ẹ̀yà PMA (ẹ̀yà àfirọ́pò tí ilé iṣẹ́ kan gba àṣẹ FAA láti ṣe) bá ń lọ sí Yúróòpù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bóyá ó jẹ́ ẹ̀yà tó léwu bó bá kùnà.

Ìdì ẹrù náà wà nínú òfin, ní abala 21.335. Ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ dì í kí ìpata tàbí ìjàǹbá ojú ọ̀nà má bà á jẹ́, kó sì sọ iye àkókò tí ìdì náà máa fi dáàbò bò ó. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá máa pẹ́ nínú àpótí kí wọ́n tó tú u.