Bí wọ́n ṣe ń gbèrò bàálù ńlá onírìmóòtù, àti bí wọ́n ṣe ń kàn án

Bàálù onírìmóòtù tí apá rẹ̀ bá gùn tó 80 íǹṣì láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ìyẹn mítà méjì ó lé díẹ̀, ti kúrò ní kékeré. Giant scale ni àwọn tó ń kàn án ń pè é. Èyí tó bá ní apá méjì lórí ara wọn, 60 íǹṣì ti tó fún un. Epo bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ, abẹ̀bẹ̀ iwájú wọn sì lè gé ìka ọwọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fi bàálù kékeré kọ́ ìdarí lójú òfurufú, kó má fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ lórí igi. Orí ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò ìwúwo. Ẹ jẹ́ ká mú Piper J-3 Cub, bàálù oníjókòó méjì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1938 sí 1947. Apá rẹ̀ jẹ́ mítà 10.7, ìwúwo tó pọ̀ jù tó lè gbé fò sì jẹ́ nǹkan bíi kílò 553. Bí a bá kan ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, apá yóò jẹ́ mítà 2.7. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ìwúwo náà yóò pín sí mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gígùn ló pín sí mẹ́rin, ìbú pín sí mẹ́rin, gíga náà pín sí mẹ́rin: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, 64 nìyẹn. Kílò 553 tí a bá pín sí 64, kílò 8.6 ló kù. Àmọ́ ojú apá tí afẹ́fẹ́ ń tì sókè, gígùn àti ìbú nìkan ló ní, torí náà ọ̀nà 16 péré la pín in sí. Ẹrù tí ìwọ̀n ojú apá kan náà ń gbé wá fúyẹ́ ju ti bàálù gidi lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ìdí sì nìyí tí bàálù náà fi lè rọra fò. Cub gidi kò lè dúró lófurufú mọ́ bí eré rẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 61 ní wákàtí kan. Ti kékeré yìí, nǹkan bí 30 ni.

Kílò 8.6 yẹn ni ààlà. Ẹ́ńjìnì, epo, bátìrì, igi, gọ́ọ̀mù, aṣọ, ọ̀dà, táyà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀. Bí ó bá di kílò 12, bàálù á ṣì fò, ṣùgbọ́n 30 yẹn á di nǹkan bíi 36, ilẹ̀ tó máa fi balẹ̀ á sì gùn sí i. Nítorí náà, kí síkéèlì wà lórí tábìlì iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Kí wọ́n wọn gbogbo nǹkan kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́.

Bí àwọn tó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ṣe ń to eegun ìhà kí wọ́n tó fi pákó bò ó, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń to inú ara bàálù. Ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ wọn dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé omi máa ń gba ọkọ̀ tó wúwo díẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ kì í gbà á.

Balsa ni igi tí ọ̀pọ̀ pílàànù béèrè, Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì ti ń wá jù. Owó rẹ̀ kò kéré nígbà tó bá dé Èkó. Arère wà nítòsí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pákó, ó funfun, ó rọrùn láti gé, ó sì wà lára àwọn igi wa tó fúyẹ́. Síbẹ̀ ó wúwo ju balsa lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ká lé arère dànù, kí a mọ ibi tí a máa lò ó ni. Ibi tó tọ́ sí i jù ni ọ̀pá tó gba inú apá já láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ọ̀pá yìí gba àlàyé. Bí bàálù bá ń fò, ṣóńṣó apá fẹ́ ká sókè. Òkè apá ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà. Àárín kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi lo igi gbọọrọ kan tó nípọn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n á wá fi balsa pẹlẹbẹ tí ìlà rẹ̀ dúró gangan dí àárín wọn. Ìdí apá, níbi tó ti wọ ara bàálù, ni ìyà pọ̀ sí jù, torí náà igi náà nípọn níbẹ̀, ó sì ń tín-ínrín bó ṣe ń lọ sí ṣóńṣó. Bí bàálù oníkílò 8.6 bá yí po lójijì tí agbára ìyípo náà sì tó ìlọ́po mẹ́rin ìwúwo rẹ̀, apá méjèèjì ń gbé kílò 34 nìyẹn. Kí ẹ dán an wò nílẹ̀ kó tó dé òkè. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, kí wọ́n máa wọ páìpù aluminiọ́mù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí pápá.

Ìrù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ojú ìwọ̀n ni ibi tí bàálù ti ń dọ́gba bí a bá fi ìka gbé e. Bí ìrù bá jìnnà sí ojú ìwọ̀n yìí ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ẹ́ńjìnì sì jìnnà sí i ní 40 níwájú, gíráàmù 100 tó bá pọ̀ jù nídìí ìrù yóò gba 300 níwájú kí bàálù tó dọ́gba. Gọ́ọ̀mù tó ṣàn jù àti ọ̀dà tó nípọn jù ti tó láti fa 100 yẹn. Lórí Cub yìí, tí apá rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, ojú ìwọ̀n yẹ kó bọ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 láti etí iwájú apá. Bàálù tí ìdí rẹ̀ wúwo jù kì í gbọ́rọ̀ sí ẹni tó ń darí rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rinrin ọ̀sà kò dára fún igi tí a kò tíì bò. Kí pákó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì so apá mọ́ pákó títẹ́jú títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ti tó fún ọ̀pọ̀ ibi. Araldite ni kí ẹ fi lẹ pákó tí ẹ́ńjìnì máa jókòó lé. Bí ó bá kan aṣọ tí wọ́n fi ń bo igi náà, áyọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń fà á le. Kí wọ́n fà á lọ́gbọọgba lókè àti nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá á lọ́.

Ẹ́ńjìnì 30 sí 40 cc ti tó fún un. Bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń pè ní I pass my neighbour, bẹntiróòlù tí a po ọ́ìlì mọ́ ló ń jẹ. Ẹ má tú ti jẹnẹrétọ̀ náà sínú bàálù o, ó wúwo jù. Bọ́tìnnì tó ń pa iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wà lórí rìmóòtù. Àwọn mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní servo ló ń yí etí apá àti ìtọ́kọ̀ ìrù. Ti bàálù kékeré kò lágbára tó fún èyí. Bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣwíìṣì tirẹ̀ ló dára jù, torí bí iná bá kú lókè, kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe mọ́. Kí wọ́n sì ṣètò ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ inú rẹ̀ pé bí kò bá gbúròó rìmóòtù, kí ẹ́ńjìnì rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Láti ọdún 2016 ni àjọ NCAA, tó ń rí sí ètò ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú sókè ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè. Ìwé náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kó tó kan pápá. Kí pápá jìnnà sí ilé, sí wáyà iná, àti sí ibi tí èrò ti ń pọ̀, bíi ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́.

Òwúrọ̀ kùtù ló dára fún ìfò àkọ́kọ́, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ojú ọ̀sà. Kí ẹnì kan di ìrù mú nígbà tí wọ́n bá ń ta ẹ́ńjìnì, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níbi tí abẹ̀bẹ̀ ń kọjú sí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá balẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan gbogbo nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì máa ń tú wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé bọ́tìnnì àtúnṣe orí rìmóòtù ni wọ́n fi mú kó fò tààrà, kí wọ́n yí irin tó so servo mọ́ etí apá títí bọ́tìnnì náà yóò fi padà sí àárín, kí wọ́n tó tún gbé e sókè.