Rédíò tuntun kọ́ ló ń mu bátìrì ọkọ̀ yín

Láàárín àwọn tó ń fi pikọ́ọ̀pù kó àgbọn àti ẹja jáde ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀: téèyàn bá ti yọ rédíò tó bá ọkọ̀ wá, tó fi tuntun sí i, kó yáa máa tọ́jú owó bátìrì sílẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́ débi pé àwọn kan máa ń ní kí ríwáyà fi súìsì kékeré sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n lè máa gé iná rédíò lálaalẹ́. Àwọn mìíràn á lọ ra bátìrì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó gidi ni wọ́n ń ná, wọn ò sì tíì fọwọ́ kan ibi tí àrùn wà.

Rédíò tí wọ́n so wáyà rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, mílíáńpù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpù) díẹ̀ ló ń mu. Wáyà tí wọ́n so ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ẹ wo ẹ̀yìn rédíò náà. Wáyà mẹ́ta ló kan iná: yẹ́lò, pupa àti dúdú. Dúdú ń lọ sí bọ́dì ọkọ̀. Yẹ́lò gbọ́dọ̀ ní iná tọ̀sán-tòru, torí òun ló ń bọ́ rédíò, òun náà ni kì í jẹ́ kó gbàgbé aago àti ìkànnì tí ẹ ti tò sínú rẹ̀. Pupa kì í gbé iná ńlá. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe: tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó sọ fún rédíò pé kó jí, tí ẹ bá yọ ọ́, iná kúrò lórí pupa, rédíò sì sùn. Wàhálà dé nígbà tí oníṣẹ́ bá ló yẹ́lò àti pupa pọ̀, tó so méjèèjì mọ́ wáyà kan ṣoṣo tí iná kì í kúrò lórí rẹ̀. Orin á dún, oníṣẹ́ á gbowó, onímọ́tò á máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ fún rédíò yẹn pé ilẹ̀ ti ṣú.

Bí ẹ tiẹ̀ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ pa, ojú rẹ̀ lè dúdú kí inú rẹ̀ má sùn. Àwọn Android olójú gbòòrò ló burú jù, torí kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Ká ní ọ̀kan ń mu 0.8 áńpù. Ẹ páàkì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹ padà dé ìdí ọkọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè. Wákàtí 60 nìyẹn, 0.8 lọ́nà 60 sì jẹ́ 48Ah, ìyẹn áńpù lọ́nà wákàtí. Bátìrì 60Ah tó kún dẹ́nu ló wá ku 12Ah yìí o. Kò lè ta ẹ́ńjìnnì dísù. Rédíò kan náà, tó bá sùn, tó ń mu 0.01 áńpù, 0.6Ah péré ni yóò jẹ láàárín wákàtí 60 yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ló o pọ̀? Wọn ò rí wáyà kọ́kọ́rọ́ ni, torí wọ́n gbà pé pupa ọkọ̀ ni pupa rédíò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rédíò wọn jẹ́ méjì, ọ̀kan ẹnu mẹ́wàá, èkejì ẹnu mẹ́fà, búlúù tó ní ìlà yẹ́lò lára ni iná tọ̀sán-tòru, àwọ̀ eérú ni ti kọ́kọ́rọ́, bùráwùn ni bọ́dì. Yẹ́lò, pupa àti dúdú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti sípíkà ẹ̀yìn ni wọ́n: dúdú àti yẹ́lò fún apá òsì, pupa àti funfun fún apá ọ̀tún. Ẹni tó bá fi àwọ̀ mú àwọ̀ ti so iná rédíò mọ́ sípíkà nìyẹn. Rédíò ò ní tàn. Oníṣẹ́ á wá máa kánjú, á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì, á máa fi tẹ́sítà gún wáyà kiri, èyí àkọ́kọ́ tó bá sì tan gílóòbù ló máa so yẹ́lò àti pupa mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Wọ́n ń ta wáyà alásọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá Toyota mu. Ara rẹ̀ ni kí wọ́n ti so ti rédíò, kí wọ́n wá ki ẹnu rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti gé e ṣáájú, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ni kí wọ́n lò, kí wọ́n yí i sí DC 20V. Wáyà tó bá fi nǹkan bíi 12.5 hàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín ni ti yẹ́lò. Èyí tó wà ní òdo, tó wá fò sókè bí ẹ ṣe yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí wọ́n kọ ACC sí, tó tún padà sí òdo bí ẹ ṣe yọ ọ́, ni ti pupa. Èyí tó jẹ́ pé iná pákì ló ń gbé e sókè, iná ojú rédíò ló ni ín. Ẹ má so pupa mọ́ ọn. Wáyà sípíkà kankan ò sì gbọdọ̀ kan bọ́dì, ì báà jẹ́ nẹ́gétífù rẹ̀, torí ó lè jó ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè nínú rédíò.

Àmì wà tí ẹ fi máa mọ̀ láìtú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí rédíò bá ń gbàgbé aago ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, yẹ́lò wà lórí iná kọ́kọ́rọ́. Tó bá ń kọrin lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́, pupa wà lórí iná tọ̀sán-tòru.

Ti ìsomọ́ náà ṣe pàtàkì, pàápàá létíkun tiwa níbí. Wáyà tí wọ́n kàn ló, tí wọ́n wé téèpù dúdú mọ́, kì í pẹ́: oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, kòtò ọ̀nà Sẹ́mẹ̀ á máa mì í, atẹ́gùn oníyọ̀ á sọ kọ́pà di àwọ̀ ewé. Lẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n fi jó o, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Fún dúdú, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára irin bọ́dì títí yóò fi dán, kí wọ́n tó fi bóòtù dè é.

Kí wọ́n tó dá síkúrù padà, ẹ wọn ohun tí ọkọ̀ ń mu. Ẹ yọ orí nẹ́gétífù bátìrì, ẹ yí mítà kúrò ní DC 20V sí DC 10A, ẹ ki wáyà pupa rẹ̀ bọ ihò 10A, kí mítà wà láàárín orí bátìrì àti wáyà tí ẹ yọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ta ọkọ̀ lásìkò yìí, fúùsì mítà á jó. Tó bá fi 0.05 áńpù tàbí kó dín hàn, kò séwu. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ fúùsì rédíò. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀, ìdí rédíò ni kí wọ́n padà sí. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ dá fúùsì náà padà, kí ẹ máa yọ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Áláàmù, tírákà tàbí gílóòbù kékeré kan tí kì í kú ni ẹ sábà máa bá níbẹ̀.