Tírélà ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà: ohun tó máa ń rú ẹni tuntun lójú

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ iṣẹ́ tírélà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń rò pé yíyí sítíárìn ọkọ̀ gìrìwò náà ló le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ọwọ́ á ti mọ́ ọn. Aago ló máa ń dà wọ́n láàmú jù, owó tẹ̀lé e, bíréèkì náà ò sì gbẹ́yìn. Àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ogún ọdún ni mo fi wa tírélà láti Èkó sí Kánò. Ṣé èmi náà á tún lọ jókòó ní kíláàsì?

Ẹ máa jókòó, sà. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba CDL Class A, ìyẹn láìsẹ́ńsì tírélà, fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ níbi tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọkọ̀ akẹ́rù. Láìsẹ́ńsì Nàìjíríà kò dín nǹkan kan kù níbẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà, owó yín sì ti lọ.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí: ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, ẹ ṣe ìdánwò orí ìwé mẹ́ta (General Knowledge, Air Brakes, Combination Vehicles) kí ẹ lè gba permit (ìwé àṣẹ láti kọ́ ọkọ̀ wíwà), permit náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 14 lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ṣe ìdánwò ọkọ̀. Ìdánwò ọkọ̀ pín sí mẹ́ta: yíyẹ ọkọ̀ wò, fífi ẹ̀yìn rìn nínú pápá, àti wíwà á lójú títì. Ẹni tó bá fẹ́ máa gba ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 21.

Bí ẹ bá fi ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò, wọ́n á kọ lẹ́tà E sára láìsẹ́ńsì yín, ẹ ò sì ní lè wa oníjíà ọwọ́. Lójú tiwa, èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni, torí irú ọkọ̀ yẹn ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá báyìí.

Ìbéèrè: Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa Gẹ̀ẹ́sì àti nípa ìwé ìgbélùú. Èwo ni òótọ́?

Méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí òfin ti ní kí awakọ̀ lè ka àmì ojú ọ̀nà kó sì lè dáhùn ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ láti ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti tún ń dá ẹni tí kò bá lè ṣe é dúró lójú ọ̀nà, tí wọn ò sì ní jẹ́ kó wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Ohùn ilé tó wà lẹ́nu yín kò dí wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ibi tí ẹ ń lọ, ohun tó wà nínú ẹrù, àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tí kò sì ní green card, òfin ti ń yí padà láti ọdún 2025. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì láìsẹ́ńsì ìpínlẹ̀ yín gan-an kí ẹ tó sanwó ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilé-ẹ̀kọ́ náà fún yín.

Ìbéèrè: Kí ni dókítà máa ń wò?

Ojú, etí, ìtọ̀, ṣúgà, àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó 20/40, ẹ lè lo gíláàsì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń kọ́ àwọn èèyàn wa lẹ́sẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 140/90, ẹ lè gba ìwé ọdún méjì. Bí ó bá wà láàárín 140/90 sí 159/99, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fún yín. Láti 160/100 lọ sókè, oṣù mẹ́ta péré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi wá bí yóò ṣe wálẹ̀. Tó bá fi kan 180/110, kò sí ìwé títí yóò fi wálẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé tòun máa ń ga, kó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kó sì má mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ti igbó: bí ìpínlẹ̀ yín bá tilẹ̀ gbà á láàyè, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á fún awakọ̀ tírélà. Bí wọ́n bá rí i nínú ìtọ̀ yín, ó máa wọ Clearinghouse, àkọsílẹ̀ tí gbogbo ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà yín.

Ìbéèrè: Wọ́n ní mo lè wa ọkọ̀ fún wákàtí 11 lójúmọ́. Kí ló dé tí aago mi ń tán nígbà tí mi ò tíì wà á tó 9?

Torí pé aago méjì ló ń ṣiṣẹ́, 11 nìkan lẹ sì ń wò. Aago kejì ni ti wákàtí 14. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10, kì í sì í dúró: ẹ jẹun o, ẹ ra díísù o, ẹ dúró de ẹrù o, ó ń lọ. Bí 14 bá ti pé, ẹ ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi sinmi wákàtí 10 mìíràn, bí wákàtí 11 yín bá tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ aago 6 àárọ̀, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹ ọkọ̀ wò, ẹ wa wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ dé ibi tí ẹ ti fẹ́ gbẹ́rù ní aago 8. Wọ́n dá yín dúró di aago 1 ọ̀sán. Aago 14 yín máa kú ní aago 8 alẹ́. Wákàtí 7 péré ló kù, àpapọ̀ ohun tí ẹ lè wà lọ́jọ́ náà sì jẹ́ 8 àtààbọ̀, kí a tó yọ àkókò díísù àti wíwá ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ọ̀nà àbáyọ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní sleeper split. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ kò nílò láti ṣe nǹkan kan níbi ìgbẹ́rù náà, tí ẹ sì wọ yàrá oorun inú ọkọ̀, tí ẹ yí ELD (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí iṣẹ́ yín) sí sleeper berth (yàrá oorun) fún wákàtí 5 yẹn, wákàtí 5 náà kò ní jẹ nínú 14, bí ẹ bá tún fi ó kéré tán wákàtí 7 sùn níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìsinmi méjèèjì gbọ́dọ̀ pé 10 ó kéré tán: ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín sí 7 nínú yàrá oorun, èkejì kò gbọ́dọ̀ dín sí 2. Nínú àpẹẹrẹ wa, aago 14 máa wá sún dé aago 1 òru, ẹ sì lè lo wákàtí 9 àtààbọ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé ELD sí on duty (ẹnu iṣẹ́) nígbà tí ẹ ń sùn, oorun ti di iṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn, àfi kí ẹ tún àkọsílẹ̀ náà ṣe kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí i. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀.

Ìyókù òfin náà kò le: lẹ́yìn wákàtí 8 tí ẹ bá fi wa ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú (ìdúró ibi ìgbẹ́rù kà, ríra díísù náà kà bí ó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko), ní ọjọ́ mẹ́jọ, àpapọ̀ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 70 lọ, ìsinmi wákàtí 34 lẹ́ẹ̀kan náà ló ń nu 70 náà nù kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n ti máa wá ibi tí máa gbọ́kọ̀ sí?

Kí ẹ tó kúrò láàárọ̀. Ní ẹ̀bá ìlú ńlá, truck stop (ibùdó tí tírélà ti ń sinmi, tí wọ́n ti ń ra díísù) máa ń kún láti bí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú ibi méjì: ọ̀kan tí ẹ fẹ́, ọ̀kan tó wà ní wákàtí kan ṣáájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni owó náà ṣe ń rìn gan-an?

Máìlì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń sanwó, àmọ́ kì í ṣe máìlì tí ojú aago ọkọ̀ yín ń kà. Máìlì inú àwòrán ilẹ̀ wọn ni, ó sì sábà máa ń dín. Ìdúró níbi ẹrù kì í sábà mú owó wá ní wákàtí méjì àkọ́kọ́. Owó tó bá tẹ̀lé e, àwọn kan ń san, àwọn kan kì í san. Ìdí nìyí tí aago àti owó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè: irú máìlì wo lẹ ń san? Èló ni ìdúró, láti wákàtí kelòó? Èló lẹ máa san ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà lọ́dọ̀ olùkọ́ mi nínú ọkọ̀? Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni mo lè lọ sílé? Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òun á kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè iye tó di gbèsè bí ẹ bá kúrò kí àdéhùn tó pé.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá fi iṣẹ́ san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tiyín, ẹ sá. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń yá yín lọ́kọ̀, òun náà ló ń pín ẹrù, òun ló sì ń yọ owó ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹrù wà o, kò sí o. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí dábàá pé kí wọ́n fòfin de irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Bíréèkì afẹ́fẹ́ kò yé mi. Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró ni, àbí òun ló ń tú u sílẹ̀?

Méjèèjì ni, ibẹ̀ ló sì ti ń rú èèyàn lójú. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí ìrìn, afẹ́fẹ́ ló ń tì í mú. Ṣùgbọ́n bíréèkì ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ sípíríǹgì líle kan tó máa ń fẹ́ di táyà mú nígbà gbogbo. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, sípíríǹgì á gbá a mú. Nítorí náà, ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jò kò ní máa sáré lọ láìní bíréèkì títí ayé. Ó lè dúró gbọnrangandan láàárín títì.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ní ìdánwò, ẹ fi sórí bí ẹ ṣe mọ orúkọ yín, torí ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kan ti féèlì. Ẹ fi ìdènà sí táyà. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún títí ẹ̀rọ tó ń fún un yóò fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, láàárín 120 sí 140 PSI (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ ti bọ́tìnnì yẹ́lò àti pupa wọlé. Fún ìṣẹ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ jò ju PSI 3 lọ. Ẹ wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọin, ẹ jẹ́ kó fìdí kalẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú kan mìíràn: kò gbọ́dọ̀ ju 4 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tú u, tẹ̀ ẹ́ tú u. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dún kó tó wálẹ̀ kọjá 55. Ẹ má dáwọ́ dúró, bọ́tìnnì méjèèjì gbọ́dọ̀ yọ jáde láàárín 45 sí 20.

Ìbéèrè: Ẹrù mi kò tó 80,000 pọ́n-ùn, síbẹ̀ wọ́n bu owó ìtanràn lé mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

80,000 ni ti gbogbo ọkọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ (axle, irin tó gbé táyà) kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n tirẹ̀: 34,000 fún ẹsẹ̀ méjì àárín, lábẹ́ ẹ̀yìn orí ọkọ̀, 34,000 fún ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn bọ́dì, iwájú sì sábà máa ń jẹ́ 12,000. Ká ní òṣùwọ̀n sọ pé 11,800 ní iwájú, 35,200 láàárín, 31,000 lẹ́yìn. Àpapọ̀ jẹ́ 78,000, síbẹ̀ àárín ti fi 1,200 kọjá. Ẹ máa fa pín-ìn ìdè, ẹ sì sún ẹsẹ̀ bọ́dì síwájú, sọ́dọ̀ orí ọkọ̀. Èyí ló ń gbé ìwọ̀n kúrò láàárín lọ sẹ́yìn. Bí ihò kan bá ń gbé nǹkan bíi 400, ihò mẹ́rin máa sọ ọ́ di 33,600 àti 32,600. Iye tí ihò kan ń gbé yàtọ̀ láti bọ́dì sí bọ́dì, nítorí náà ẹ padà sórí òṣùwọ̀n. Kí ẹ tó lọ, ẹ rí i dájú pé gbogbo pín-ìn ti padà sínú ihò, kí ẹ fojú rí i, kì í ṣe kí ẹ gbọ́ ìró nìkan. Bí ẹsẹ̀ bá wà níwájú báyìí, ìdí bọ́dì á máa gbá jáde púpọ̀ ní kọ́nà, ó lè gbá ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Nílé, mọ́tò-bọ̀ọ̀ ló máa ń júwe fún wa. Ta ló máa júwe fún mi níbẹ̀?

Kò sẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mẹta bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀gá gidi tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Ẹ wo òkè pẹ̀lú: ẹ̀ka igi àti etí òrùlé máa ń ya orí bọ́dì. Ẹ yan àyè tí ẹ ó fi lè wọlé láti ọwọ́ òsì yín, torí láti fèrèsé yín lẹ ti ń rí ìdí bọ́dì. Láti ọ̀tún, ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́ bí bọ́dì bá ti ṣẹ́. Sítíárìn sí ọ̀tún, ìdí bọ́dì á lọ sí òsì. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ dúró kó gbọ́, kí ẹ tó fi kún un. Bí igun bá ti burú, ẹ fà síwájú kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń tún un ṣe láìfà síwájú ló máa ń fi imú ọkọ̀ gbá ti ẹlòmíràn.