Ẹni Tó Lé Ṣànpọ̀nná Lọ, Ta Ló Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Mo dá a lábàá láàárín àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ pé ó yẹ ká ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti máa fi rántí Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà, ẹni tó gbógun ti Ṣànpọ̀nná, ìyẹn àrùn tí òyìnbó ń pè ní smallpox, tí àwọn baba wa gbà pé òrìṣà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló ń fi jà. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo kó àwọn tó ta kókó jù níbẹ̀ jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn bí agbára mi ṣe mọ.

Ta ni Sàpárà? Ṣé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni?

Rárá. Ìran Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì dá sílẹ̀ sí Sàró. Ní Freetown ni wọ́n bí Ọ̀gúntọ́lá sí ní 1861. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Sàpárà Williams, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n di Williams mú, àbúrò jù ú sílẹ̀, ó sì mú orúkọ Yorùbá. Ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, ó padà sí Èkó, ìjọba sì gbà á síṣẹ́ ní 1896.

Ohun tó kan Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ ni pé ìlú ọjà létí ọ̀sà ni wá. Níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já èrò ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àrùn tó ń ràn kì í pẹ́ kó tó bá èrò sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ní Sàpárà wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣànpọ̀nná. Dókítà kẹ̀?

Dókítà ni, ó sì wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí nǹkan ṣe rí. Ẹni tí Ṣànpọ̀nná bá mú nígbà yẹn, nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń kú. Ẹni tó bá yè, ojú rẹ̀ a kún fún àpá, òmíràn a fọ́jú. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn àgbà kì í pe orúkọ rẹ̀ nígbà ẹ̀rùn: "ilẹ̀ẹ́gbóná" ni wọ́n ń wí, tàbí "Olóde". Bó bá pa ènìyàn, ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń gbé òkú, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù òkú lọ.

Ibí yìí ni Sàpárà fura sí. Ẹni tó ń jogún àwọn tí àrùn pa, ṣé yóò fẹ́ kí àrùn náà tán? Ó fi ara rẹ̀ pamọ́, ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ohun tó rí ni pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi ran àwọn tí ara wọn le. Ewu ńlá ló dáwọ́ lé. Ká ní wọ́n dá a mọ̀ ni, bóyá ìtàn rẹ̀ kò ní dé etí wa. Ìròyìn tó mú wá ló fà á tí ìjọba amúnisìn fi fòfin de bíbọ Ṣànpọ̀nná ní 1907.

Ẹ fọkàn sí èépá yẹn. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú èépá gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí aṣọ àti ẹní òkú fi léwu, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní èrò burúkú kankan lọ́kàn.

Ṣé gbogbo olórìṣà Ṣànpọ̀nná wá jẹ́ apànìyàn nìyẹn?

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà. Kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn kan ní Áfíríkà ti mọ̀ pé bí wọ́n bá sín ara ẹni tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n fi ìwọ̀nba omi egbò aláìsàn sí i, àrùn díẹ̀ ni yóò ṣe é, kò sì ní mú un mọ́. Ọkùnrin ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Onesimus ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1721, wọ́n dán an wò, ó sì dín ikú kù. Nítorí náà, ọwọ́ kan náà tó ń pa lè dáàbò boni, ọ̀rọ̀ ku ẹni tó di abẹ mú. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn Sàpárà láti fi bú ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, kò tíì mọ Sàpárà. Ọkùnrin yìí kan náà fẹ́ràn ewé àti egbò, ó sì ń ṣèwádìí wọn.

Ṣé òfin 1907 ló wá pa àrùn náà?

Òfin kò lè pa kòkòrò. Wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà náà ní kọ̀rọ̀, àrùn náà sì ń jà. Bùpá ló pa á, ìyẹn àjẹsára tí àwọn ará ilé ẹ̀yin mìíràn gbà sí apá.

Ní ìparí 1966, lágbègbè Ògòjà ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, dókítà míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ William Foege rí i pé abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè kárí. Ó bá àwọn míṣọ́nnárì tó wà káàkiri sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó bi wọ́n ní abúlé tí wọ́n ti rí aláìsàn, ó sì ní kí wọ́n gún kìkì àwọn tó yí aláìsàn ká. Àrùn kò rí ibi gbà kọjá. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n mú káàkiri ayé. Ní 1970, ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ó rọrùn láti pa á run nítorí pé ènìyàn nìkan ló ń mú, kò ní ẹranko tó lè sá pamọ́ sí lára.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tóbi tó báyìí, kí ló dé tí a kò mọ̀ ọ́n?

Dókítà tó gbẹ̀bí ọmọ yín, ẹ ó máa júwe rẹ̀ títí ayé. Ẹni tí kò jẹ́ kí àrùn dé ilé yín, ta ni yóò wá jẹ́rìí? Ẹni tí kò ṣàìsàn kò mọ̀ pé wọ́n gba òun là. Ẹ tún wo wolé-wolé tó ń yẹ ìkòkò omi wò láyé àtijọ́: èébú ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ fún un. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òrìṣà tó pa ọmọ gba ọpẹ́, ẹni tó dá ikú dúró kò gbà á.

Sàpárà ṣì rí díẹ̀ gbà ní tirẹ̀, ìjọba fún un ní oyè I.S.O. (Imperial Service Order), tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá òṣìṣẹ́ wọn lọ́lá. Ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú dídá ilé ìwòsàn Òpópónà Massey sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó padà di ọsibítù àwọn ọmọdé. Ó kú ní 1935.

Ta wá ló pa ìtàn wọ̀nyí mọ́?

Àwọn dókítà tó jókòó kọ̀wé ni. Ralph Schram tẹ ìwé ìtàn iṣẹ́ ìlera Nàìjíríà jáde ní 1971. Adélọlá Adélóyè, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn, kọ tirẹ̀ ní 1985 lórí àwọn dókítà wa ìgbà láéláé. Bí a bá ń dá ẹnikẹ́ni lọ́lá, irú wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, torí pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ tó tún ń kọ ìtàn lálẹ́, owó kọ́ ló ń lé.

Ṣé ká fi orúkọ Sàpárà pe ọsibítù kan?

Ẹ fi sọ ọ́ bó bá wù yín. Pátákó nìyẹn, kò ní sọ ohun tó ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ìyá mi ṣe nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀pẹ́ níbí kó tó fẹ̀yìn tì. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ lo fóònù yín láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má béèrè ọdún, béèyàn bá dàgbà ọdún a máa dà rú mọ́ ọn lójú. Ẹ béèrè ọba tó wà lórí oyè, ta ni mátírọ́ọ̀nù, ibo ni wọ́n ti ń pọn omi, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé aboyún wá láti àwọn abúlé ìsàlẹ̀ ọ̀sà lóru. Bí wọ́n bá ní káàdì bùpá tàbí fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè dá wọn mọ̀. Àpá tó wà ní apá ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra: BCG, ìyẹn àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, náà ń fi àpá sílẹ̀, ẹ bi wọ́n èwo ni wọ́n gbà kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.