Ohùn Wo Gan-an Ni Wọ́n Ń Tún Ṣe Nínú Àwo Orin Fíìmù Àtijọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí “remastered”, ìyẹn pé wọ́n tún ohùn ṣe, lára àwo orin fíìmù àtijọ́ máa ń gbà pé ohùn inú fíìmù náà gan-an ni wọ́n fọ mọ́. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́ àwo tí Charles Gerhardt, olùdarí ẹgbẹ́ olórin, bẹ̀rẹ̀ sí í darí fún ilé-iṣẹ́ agbórinjáde RCA ní ọdún 1972, wọn kò mú ìró kankan láti ojú fíìmù. Àṣìṣe yìí ń bíni nínú, nítorí ó ń gba iyì lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà.

Erich Wolfgang Korngold, akọrin fíìmù, ló kọ orin The Sea Hawk, fíìmù Warner Bros. ti ọdún 1940. Ojú ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo (mónò) ni orin náà wà nínú fíìmù, tí ọ̀rọ̀ òṣèré àti ariwo idà sì bò ó mọ́lẹ̀. Gerhardt wá kó ẹgbẹ́ olórin National Philharmonic jọ sí gbọ̀ngàn Kingsway Hall ní London, wọ́n tẹ́ ìwé orin síwájú, wọ́n sì lu àwọn apá tí wọ́n yàn ní sítẹ́ríò, ìyẹn ojú ọ̀nà ohùn méjì. George, ọmọ Korngold fúnra rẹ̀, ló bójú tó ìgbàsílẹ̀ náà. Kenneth Wilkinson ló wà nídìí ẹ̀rọ. Téèpù yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo àtúngbéjáde.

Wíwá téèpù àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, nítorí gbogbo ẹ̀dà tí a bá ṣe láti ara ẹ̀dà mìíràn ló ń fi ariwo kún ariwo. Bí ọ̀rinrin bá ti ba lẹ́ẹ̀ ara téèpù jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970, wọn a kọ́kọ́ fi ooru díẹ̀díẹ̀ yan án fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó lè lù ú.

Ìpinnu tó tẹ̀lé e ló dùn mọ́ni jù. Àwọn agbohùnsílẹ̀ fẹ́ràn ìró àdánidá Kingsway Hall gidigidi, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ń kọjá lábẹ́ àdúgbò náà, ìkùn rẹ̀ sì wọ inú ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n gbà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìró tí ọkọ̀ náà ń gbé náà ni báàsì àti ìlù ńlá ń gbé. Bí ẹni fọ àdìrẹ tí epo ta sí ni ọ̀rọ̀ náà rí: ọṣẹ kò mọ epo yàtọ̀ sí aró, ẹni tó bá sì bó o títí yóò rí aṣọ tó mọ́ tónítóní, tí oníbàárà yóò máa yìn ín, láìmọ̀ pé batani ti bá omi lọ. Ẹni tó bá gé ìkùn ọkọ̀ náà kúrò pátá ti gé ìjìnlẹ̀ ẹgbẹ́ olórin náà mọ́ ọn. Ó sàn kí ọkọ̀ máa kọjá, pàápàá níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti wó gbọ̀ngàn náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè padà síbẹ̀ lọ gba òmíràn.

Ìdí nìyẹn tí Dolby Surround, ọgbọ́n tó ń mú kí ohùn yí olùgbọ́ ká, tí RCA fi sí àwọn síídì kan nínú ọ̀wọ́ yìí fi dà bí àṣejù: ìró gbọ̀ngàn ti wà lórí téèpù tẹ́lẹ̀. Àtúngbéjáde tó ṣe é gbẹ́kẹ̀lé ni èyí tó kọ ọdún ìgbàsílẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbà á àti téèpù tí wọ́n lò sí ẹ̀yìn rẹ̀ kedere.